Ẹ má dúró de ọkọ̀ palliative: ohun tí kẹ́ẹ̀gì ẹ̀wà kọ́ mi ní Ìrẹsà

Mo ń ṣe másítàs lórí ìmọ̀ kòkòrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kòkòrò tí mo yàn kì í ṣe ẹ̀fọn, kì í sì í ṣe oyin. Kòkòrò ẹ̀wà ni. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé èyí tí à ń fẹ́ dànù lórí àtẹ yìí náà ni wọ́n ń gba ìwé-ẹ̀rí lé lórí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí Olúwa ṣe é ní ìrọ̀rùn.

Lónìí, ìyá mi gan-an ló ń sọ fún àwọn èèyàn lọ́jà pé ọmọ òun mọ bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò láì fi oògùn kankan sí i. Bó ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí ohun kan wà tó ń dùn mí lọ́kàn nípa ebi àti nípa bí gbogbo wa ṣe máa ń dúró de ọkọ̀ oúnjẹ ìjọba kó tó di pé a ṣe ohunkóhun.

Èsúsú tó di oúnjẹ

Ẹ rántí ọdún kòrónà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá pa. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa, kónílé-ó-gbélé alẹ́ ni wọ́n kéde, wọn ò tì wá mọ́lé lọ́sàn-án, àmọ́ ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíì di èèwọ̀. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, mo di ẹrù mi, mo forí lé Ìrẹsà.

Fún ẹni tí kò bá mọ Ìrẹsà: ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè la wà, lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrẹsà-Adú wà, Ìrẹsà-Apá náà wà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dá ìjà sílẹ̀ nípa èwo ló jù. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Èkó máa ń sọ pé, "Ẹ̀yin ò lè mọ ebi, ṣebí oko lẹ wà." Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, màá dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Ìyá mi wà nínú èsúsú kan, obìnrin mọ́kànlá. Bí èsúsú ṣe máa ń rí náà ló rí: oníkálukú á dá iye kan náà, ẹni tó bá kàn á kó gbogbo ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀wà láti òkè ọya wọ́n, tí owó oúnjẹ sì ń gòkè lójoojúmọ́, ọ̀kan nínú wọn, ìyá kan tó ń ta iyọ̀ àti irú, mú àbá wá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi owó yìí ra oúnjẹ nígbà tó bá pọ̀, ká pín in nígbà tó bá wọ́n." Kò sí NGO kankan níbẹ̀, wọn ò so àsíá, wọn ò ya fọ́tò. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí ẹ̀wà tuntun ti dé ọjà, wọ́n ra ẹ̀wà àti àgbàdo, wọ́n kó àpò wọn sí yàrá kan nílé ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní ó di oṣù kẹfà.

Kò di oṣù kẹfà. Ní ìparí oṣù kẹta 2021, onílé rí i pé ìyẹ̀fun funfun ń dà sílẹ̀ nídìí àpò. Wọ́n ṣí i. Ẹ̀wà ti di ihò. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ṣe ló ń rìn lọ́wọ́ yín.

Ìjà tó tẹ̀lé e ò dùn ún rántí. Àwọn kan ní yàrá náà ló ń rin. Àwọn kan ní ẹnì kan ló da ẹ̀wà àtijọ́ mọ́ tuntun. Obìnrin méjì fi èsúsú náà sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọ̀rẹ́ ìyá mi láti kékeré. Mo wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ. Ibẹ̀ ni kòkòrò yìí ti wọ̀ mí lórí.

Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Kòkòrò ẹ̀wà, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Callosobruchus maculatus, kì í dúró de yàrá ẹnikẹ́ni. Láti oko ló ti máa ń yé ẹyin sára ẹ̀wà tó ti ń gbẹ. Abo kan lè yé ẹyin tó 100. Ọmọ tó bá pa á á lu ẹ̀wà, á wọnú rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láti inú títí tó fi máa dàgbà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi lè mọ́ lójú kí kòkòrò sì kún inú rẹ̀. Nínú ooru ilẹ̀ wa, bí oṣù kan ni láti ẹyin dé àgbà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní abo kan ṣoṣo pẹ̀lú akọ kan ló wọnú àpò ní oṣù kejìlá, ká sì sọ pé 50 péré nínú ọmọ rẹ̀ ló yè, ìdajì jẹ́ abo. Ní oṣù kìíní, 50. Ní oṣù kejì, 1,250. Ní oṣù kẹta, 31,250. Nínú àpò kan nìyẹn o, a ò tíì sọ̀rọ̀ nípa èkejì.

Nígbà ìjà yẹn, ẹnì kan sọ pé ká kàn wọ́n ọtapíápíá sí èyí tó kù. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọtapíápíá ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní dichlorvos. Ó ń pa kòkòrò nípa dídá ìròyìn rú láàárín ọpọlọ àti ẹran ara rẹ̀, títí ẹran ara náà á fi gan, tí kò ní lè mí mọ́. Irú ètò kan náà ló wà nínú ara tiwa. Ní 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà torí kẹ́míkà yìí tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò rẹ̀ kékeré, èyí tó jẹ́ 100ml, lọ́jà mọ́. Ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀, ta lẹ rò pé ó jẹ ẹ́?

Ọkọ̀ tí à ń dúró dè

Ní oṣù kẹrin 2020 yẹn kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé òun ń dá 1,800 àpò ìrẹsì tó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ padà, torí kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Gbogbo ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tí ẹ̀wà ìyá mi ṣe bákan náà lọ́dún tó tẹ̀lé e, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìjọba ńlá pẹ̀lú gbogbo ilé ìkẹ́rù rẹ̀, àti obìnrin mọ́kànlá pẹ̀lú yàrá kan: kòkòrò ò mọ ìyàtọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rù lóríṣiríṣi ìpínlẹ̀, wọ́n bá oúnjẹ kòrónà níbẹ̀ tí wọn ò tíì pín. Oúnjẹ wà. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀gbẹ́ni Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lé lórí. Ó wo ìyàn tó mú ní Bengal ní 1943, tí èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́ta kú, ó sì fi hàn pé kì í ṣe pé oúnjẹ tán nílẹ̀ náà. Owó oúnjẹ ló fò kọjá ohun tí alágbàṣe àti apẹja lè san. Ebi máa ń pa èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ìrẹsà ti wọlé nìyí, ẹ̀yin ará Èkó. Bí àgbẹ̀ bá kórè àgbàdo ní oṣù kẹjọ, gbogbo èèyàn ló kórè pẹ̀lú rẹ̀, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Àmọ́ oṣù kẹsàn-án ń bọ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀, gbèsè ajílẹ̀ wà nílẹ̀. Ó máa tà á. Nígbà tó bá di oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀, tí oko ṣì tutù, tí àká ti gbẹ, àgbẹ̀ yìí kan náà á lọ sọ́jà lọ ra àgbàdo ní iye tó ju èyí tó tà á lọ. Ó ń ta oúnjẹ rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, ó ń rà á padà lówó gọbọi. Ebi ìlú àgbẹ̀ ní oṣù tirẹ̀, a sì mọ oṣù náà. Ọdọọdún ló ń dé. Kí ló dé tó fi máa ń bá wa lójijì?

Nígbà tí ọdún 2023 dé, tí ààrẹ tuntun sọ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ojú gbogbo wa ni nǹkan ṣe bàjẹ́. Ní oṣù keje, ìjọba kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì. Ní oṣù kẹfà 2024, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò nǹkan ní owó oúnjẹ ti fi 40.87 nínú 100 gòkè láàárín ọdún kan, ìyẹn ni pé ohun tí ẹ ra ní ẹgbẹ̀rún kan náírà ní oṣù kẹfà 2023 ti lé ní ₦1,400. Ta ni owó oṣù rẹ̀ lé bẹ́ẹ̀?

Nígbà náà, ohun tí à ń gbọ́ níbi gbogbo ni palliative. Ta ló gbà, ta ni wọn ò fún, ìgbà wo ni ọkọ̀ ń bọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá 2024, ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní ẹ̀bùn àti oúnjẹ. Ọmọ 35 ló kú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Òkíjà ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì àti oúnjẹ. Àwọn kan bọ́ sórí Facebook, wọ́n ní àwọn òbí ò ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa èrò tó pọ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀: bí èèyàn bá ti tó bíi mẹ́fà nínú mítà kan níbùú lóròó, kò sẹ́ni tó tún lè dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé. Èrò á máa ru bí omi, ẹni tó wà lẹ́yìn á tì, kò ní mọ̀ pé òun ń fún ọmọ tó wà níwájú mọ́ ògiri. Èémí ló ń tán nínú wọn. Ẹ lè ní sùúrù Jóòbù kẹ́ ẹ sì kú síbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni pé kí èrò má pé jọ bẹ́ẹ̀ rárá, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé kí oúnjẹ ti wà nítòsí ilé àwọn èèyàn ṣáájú.

Ìmọ̀ràn kejì tí mo máa ń gbọ́, pàápàá látẹnu àwọn èèyàn ńlá, ni pé kí oníkálukú gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dùn ún gbọ́. Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò. Plọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, jẹ́ bíi mítà 460 níbùú lóròó. Ilé gba ìdajì, ó ku 230. Oko ẹ̀gẹ́ wa máa ń mú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́fà sí mẹ́jọ jáde lórí hẹ́kítà kan, ẹ jẹ́ ká fi mẹ́jọ ṣe é. Ẹ̀yìnkùlé yín á fún yín ní bíi kìlò 184 ẹ̀gẹ́ tútù. Bí ẹ bá bó o, tẹ́ ẹ rin ín, tẹ́ ẹ fún un, tẹ́ ẹ yan án, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ló máa di gàrí, kìlò 46. Kìlò gàrí kan ní bíi kálórì 3,500, àgbàlagbà kan sì nílò bíi 2,000 lójúmọ́. Ọjọ́ 80 fún ẹnì kan. Fún ìdílé èèyàn márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ sì máa dúró de ẹ̀gẹ́ náà fún bí ọdún kan. Ẹ gbin ẹ̀fọ́ o, ẹ gbin ewédú, ara nílò rẹ̀, ìyá mi náà gbin tiẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé ló máa yọ Nàìjíríà nínú ebi, kò tíì jókòó ti kálkúlétọ̀.

Òùngbẹ ló ń pa á

Nígbà tí mo dé ìpele àṣekágbá, mo mú kòkòrò ẹ̀wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí mi. Níbẹ̀ ni mo ti ka ohun kan tó jẹ́ kí n pariwo nínú yàrá ìkàwé.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, onímọ̀ kòkòrò kan láti yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, Larry Murdock, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù ń wá bí àgbẹ̀ tí kò lówó ṣe lè tọ́jú ẹ̀wà láì lo oògùn. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni àpò tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá nípọn méjì nínú ara wọn, àpò bíi ti ìrẹsì lóde. Ẹ kó ẹ̀wà gbígbẹ sí i, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní ìdì líle. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á máa mí, á máa lo ọ́síjìn tó wà níbẹ̀, kò sì sí òmíì tó ń wọlé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ́síjìn á lọ sílẹ̀ débi pé wọn ò ní lè jẹun mọ́.

Ibi tó dùn jù nìyí. Gbogbo èèyàn rò pé kòkòrò náà ń kú torí kò rí afẹ́fẹ́ mí. Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó fínnífínní, wọ́n sì rí i pé òùngbẹ ló ń pa á. Kòkòrò ẹ̀wà kì í mu omi. Inú ẹ̀wà gbígbẹ tó ń gbé, kò sí omi níbẹ̀. Omi tó ń lò, inú ara rẹ̀ ló ti ń ṣe é: á fi ọ́síjìn jó oúnjẹ tó jẹ, omi á sì jáde látinú jíjó náà. Ẹ gba ọ́síjìn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti gba omi rẹ̀. Á gbẹ síbẹ̀. Kò sí kẹ́míkà kankan, ẹ̀wà yín mọ́.

Ẹ ò sì nílò àpò náà dandan. Ohunkóhun tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ ló lè ṣe é. Ní Senegal, àgbá onírin ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń lò.

Èmi náà, ọmọ ọlọ́gbọ́n, mo délé ní oṣù kejìlá 2023, mo pe àwọn obìnrin mẹ́sàn-án tó kù jọ, mo dúró níwájú wọn bíi lẹ́kítọ̀. Mo sọ ti ọ́síjìn, mo sọ ti òùngbẹ. Wọ́n gbà. A ra àgbá ike ńlá kan tó ní ìdérí tó le, a kó ẹ̀wà sí i dé ọrùn. Mo ní ẹ má ṣí i títí oṣù kẹfà o.

Ní oṣù kejì, ọkọ ẹnì kan nínú wọn ṣàìsàn, ó nílò ẹ̀wà tirẹ̀. Ṣé kí wọ́n sọ fún un pé ọ́síjìn ò gbà? Wọ́n ṣí àgbá, wọ́n wọ̀n ọ́n fún un. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹlòmíì ní òun náà fẹ́ ìdajì. Bí wọ́n ti ń ṣí i ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé, ẹ̀wà sì ń dínkù, ààyè tó ṣófo nínú àgbá ń pọ̀ sí i. Ní oṣù karùn-ún, kòkòrò ti padà. Kò burú tó ti 2021, a rí èyí tó pọ̀ jẹ níbẹ̀, àmọ́ ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lẹ́bi nínú ọkàn mi. Mo ní wọn ò tẹ̀lé ìlànà.

Ìyá tó ń ta iyọ̀ àti irú ló wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé dandan ni kó jẹ́ àgbá ńlá? Kẹ́ẹ̀gì ńkọ́?"

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Èyí tí gbogbo ilé ní Ìrẹsà fi ń pọn omi. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Bí a bá kó ẹ̀wà sí kẹ́ẹ̀gì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹnì kan bá ní ìṣòro, kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ nìkan la máa ṣí. Àwọn tó kù ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan gba bíi kìlò 19 tàbí 20 ẹ̀wà. Ìdílé tó ń se kìlò kan lẹ́ẹ̀kan á fi se ogún ìgbà. Ọ̀rọ̀ tí mo pè ní àìtẹ̀lé ìlànà, ìlànà tèmi ni kò bá ìgbésí ayé wọn mu.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka sáyẹ́ǹsì dúró lórí èyí díẹ̀. Ìwádìí Murdock ò yí padà láàárín àgbá àti kẹ́ẹ̀gì. Ohun tó yí padà ni ẹni tó mọ̀ pé àìsàn máa ń dé láàárín ọdún, tó sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí kò bá lè gba ẹnì kan lọ́jọ́ ìṣòro ò ní pẹ́ tú. Ìmọ̀ yẹn ò sí nínú ìwé tí mo kà. Láti inú àáró ló ti wá, láti inú èsúsú, níbi tí ẹ ti lè bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ kó ṣáájú ẹni tó kàn, tí wọ́n sì máa gbà.

Ní oṣù kejìlá 2024, kẹ́ẹ̀gì méjìdínlógún la kún, méjì méjì fún oníkálukú. A fọ̀ wọ́n, a sá wọn sóòrùn títí wọ́n fi gbẹ pátápátá. A fi àrọ da ẹ̀wà sí i dé ẹnu, a ń gbọ̀n ọ́n kó lè kì dáadáa, a fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ ká tó dé e. A fi ọ̀dà kọ àmì ẹni tó ni ín sí i lára. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹ́míkà rí ò wọlé, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn.

Ká tó kó ẹ̀wà sí i, a dán an wò bóyá ó gbẹ. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ wá ìgò onígíláàsì tó gbẹ, ẹ bu ẹ̀wà tàbí àgbàdo sí i díẹ̀, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ẹ̀wà náà ti lé ní 15 nínú 100, ẹ tún un sá. Bí ẹ bá kó èyí tó tutù sí ibi tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, á bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, tèmi ò sì ní sí níbẹ̀.

Ṣé ìkópamọ́ nìyẹn?

Ẹnì kan bi mí léèrè ìbéèrè tó dáa. Ó ní ní oṣù kejì 2024, ìjọba ń já ilé ìkẹ́rù àwọn tó ń kó oúnjẹ pamọ́, ó ní kí ló mú tiwa yàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. Ẹni tó kó ẹgbẹ̀rún àpò pamọ́ ń retí kí oúnjẹ wọ́n kó lè jèrè. Kẹ́ẹ̀gì méjì tiwa, ọ̀fun ló ń lọ. Ní oṣù keje 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun máa yọ owó ibodè kúrò lórí àgbàdo, ẹ̀wà, wíìtì àti irú ìrẹsì kan fún 150 ọjọ́, nígbà tó sì di 2025 owó ẹ̀wà já. Àwọn oníṣòwò tó kó o pamọ́ sunkún. Àwọn ìyá wa kàn se ẹ̀wà wọn jẹ ni. Àǹfààní kí èèyàn kó oúnjẹ pamọ́ fún jíjẹ nìyẹn: kò sí bí ọjà ṣe lè yí tó máa pa yín lára púpọ̀.

Ìbéèrè kejì ló le jù. Ṣé tí a bá ń ṣe gbogbo èyí fúnra wa, a ò ti dá ìjọba sílẹ̀? Rárá. Kẹ́ẹ̀gì ò lè ṣe ọ̀nà tó dáa láti oko dé ọjà. Èsúsú ò lè lé ajínigbé kúrò nínú oko. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ mi dá wọn láre ò ka ohun tí mo kọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹgbẹ́ tó ti mọ ara rẹ̀, tó ti mọ iye oúnjẹ tó ní, ló lè bá ìjọba sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́. Ẹni tó dá dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ike lọ́wọ́, ta ló máa gbọ́ ọ?

Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gan-an ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn níbi púpọ̀. Ní Rochdale, ní England, ní oṣù kejìlá 1844, àwọn èèyàn 28, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ tí ìṣẹ́ ń bá fínra, dá owó jọ, wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré kan, wọ́n ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là tí wọn ò lú ní jìbìtì. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé Nàìjíríà ní 1935. Àáró àti èsúsú ti wà nílẹ̀ kó tó dé, òun ló bá wọn nílé.

Ó wù mí kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà nínú gúrúùpù WhatsApp ogún, ọgbọ̀n, bi ara yín pé èwo nínú ẹ̀ ló lè ra àpò ẹ̀wà kan ní oṣù kejìlá yìí. Èèyàn mẹ́fà ti tó. Ẹ má dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ẹ má yan ààrẹ àti akọ̀wé. Ẹ lo èyí tó ti wà: àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé inú ilé kan, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń dá àjọ, ẹgbẹ́ akọrin yín, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ Ilé Kéwú. Ẹni tẹ́ ẹ ti gbẹ́kẹ̀ lé pẹ̀lú owó, ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀wà.

Ní oṣù keje 2025, a ṣí kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn. Ìyá mi ló ṣí i. Ó da ẹ̀wà sórí àtẹ, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó gbé àtẹ náà sókè bí ẹni fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì gbé e kalẹ̀. Kòkòrò bíi mélòó kan wà níbẹ̀, wọ́n ti gbẹ bí ìràwé. Ó ní kí n wá kó wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mi.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì tó lọ ní 2021 ti padà. Èkejì, ọ̀rẹ́ ìyá mi, kò tíì dá wọn lóhùn. Lọ́dún yìí wọ́n fẹ́ fi àgbàdo kún un, wọ́n sì ń bi mí bóyá gbodo náà lè wọ kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n má baà máa lọ̀ ọ́ di èlùbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbodo ò lè gba ẹnu kẹ́ẹ̀gì kọjá láì jẹ́ pé wọ́n gún un wẹ́wẹ́. Mo ti gún díẹ̀, mo kó o sínú ìgò mẹ́fà pẹ̀lú kòkòrò, wọ́n wà lórí tábìlì mi báyìí. Màá kọ ohun tí mo bá rí síbí.